Ọjọ́ tí Akínwùmí Ya Bàrá

Ọjọ́bọ̀, 8 Júùnù 1978

Olùkọ́ Ezekiel, tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí á máa kọ nǹkan sílẹ̀ nílé kí ọwọ́ wa lè rọ̀. Mo ti ń sọ fún un pé kò sí ohun tí opó tó ń ta àwo tánganran ní ọjà Adewui ní Lomé fẹ́ kọ. Lónìí mo rí nǹkan kọ. Ì bá wù mí kí n má rí i.

Akínwùmí wà látìmọ́lé ní Gáná. Àwọn èrò tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé lọ sí ọjà Agbozume ló wá sọ fún mi. Wọ́n ní ọkọ̀ ya kúrò lójú títì, ó wọ inú àtíbàbà tí ọkùnrin kan ti ń hun aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì dá ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Àárín ẹrù lẹ́yìn ni àwọn wà, àwọn kò rí ohun tó yà fún. Ahunṣọ! Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ òfì tiwọn.

Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi, ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo Tokoin ló mọ̀ pé kì í mutí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí ọmọ mi wọ́.

Àbámẹ́ta, 10 Júùnù

Lọ́dún 1969 tí wọ́n lé wa kúrò ní Gáná, tí mo fi ṣọ́ọ̀bù mi ní Keta sílẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn, mo búra pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́ láéláé. Lónìí mo kọjá ibodè kí oòrùn tó ràn. Ìbúra náà kò tilẹ̀ bá mi jiyàn.

Ezekiel tẹ̀lé mi nítorí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kumasi ni wọ́n ti lé òun náà. Wọ́n jẹ́ kí a rí Akin láti ẹ̀yìn irin. Ètè rẹ̀ ti bó.

"Màmá, ọmọbìnrin kékeré kan já sójú ọ̀nà. Ó gbé abọ́ lórí. Mo yà fún un."

"Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ọmọ wo, kí n fi í hàn. Nígbà tí mo máa fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́."

Ezekiel ka ìwé ẹ̀sùn náà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kà lẹ́ẹ̀mejì, swerve. Ó ní ohun tí wọ́n wí ni pé Akin swerve láìbìkítà fún ẹ̀mí ènìyàn. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí n lè máa wo ọ̀tá mi lójú.

Àìkú, 11 Júùnù

A kò tilẹ̀ dúró jẹun lẹ́yìn ìsìn. A lọ bẹ̀bẹ̀.

Isaac ni orúkọ ahunṣọ náà. Ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn, nítorí náà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin la lọ. Dorcas ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Díákónì Moses ti ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn àgbà méjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn tòun ti agbádá funfun. Èmi kúnlẹ̀. Orúnkún tí kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe Ọlọ́run láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ti kú, mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Mo sọ ọ́ ní èdè Mina tí mò ń sọ lọ́jà, kí ó lè yé e yékéyéké: "Ọmọ wa ti ṣẹ̀ yín. Ọmọ wa ti ṣe yín léṣe. Ẹ má wo ti ọmọdé, ewú orí wa ni kí ẹ wò."

Dorcas fún wa lómi. "Mo ti gbọ́," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Lójú ọ̀nà, Díákónì Moses ní bí ẹ̀bẹ̀ bá ń gba ìwé ẹ̀rí, òun ì bá fún mi ní ti àkọ́kọ́. Inú mi dùn díẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe, mélòómélòó ẹni tí a pa lára.

Ìṣẹ́gun, 13 Júùnù

Wọ́n gbé Akin lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó gbé abọ́ lórí. Dorcas dìde, ó ní: "Olúwa mi, kò sí ọmọ kankan. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà wọn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ nínú àgbàlá mi. Ìyá àgbà rẹ̀ tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ àwọn ṣẹ̀."

Adájọ́ yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Kí ni n ó sọ? Òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ èyí tó kù, akọ̀wé ti ń pe ẹjọ́ mìíràn. Wọ́n ní kí a padà wá ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Júláì. Akin padà sẹ́yìn irin.

Lójú ọ̀nà, Ezekiel ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé okùn tí wọ́n fi so Akin fún wọn."

"Ṣé ó yẹ kí a má bẹ̀bẹ̀ ni? Ìwọ náà, ọmọ Yorùbá!"

"Ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n kọlù gan-an ń bẹ̀bẹ̀. Níwájú adájọ́, ẹni tó jẹ̀bi ló ń bẹ̀bẹ̀."

Èmi ni mo fi orúnkún ara mi ti ọmọ mi mọ́lé.

Ọjọ́bọ̀, 15 Júùnù

Mo lọ sí kíláàsì. Kí ni n bá jókòó sílé ṣe? Sàídátù alálùbọ́sà ti fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti ń kàwé. Ó ní a-bí-dí kò ní ẹ̀sìn.

Mo ní, "Olùkọ́, kí ni swerve?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wọ́n ti gbọ́.

Ezekiel kọ ọ́ sójú pátákó. Ó ní, "Bí ènìyàn bá yà sọ́nà ilé rẹ̀, turn nìyẹn, ó mọ̀ pé òun ń yà. Ti swerve yàtọ̀. Ó ń lọ tààrà, lójijì ó ya bàrá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹṣin tó rí ejò. Bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé ń retí lápá ọ̀tún, tó wá ṣẹ́rí sí òsì."

Sàídátù ní, "Ọkọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ń bọ̀ wá sílé mi tààrà, ó rí opó tó ń din àkàrà."

Àwọn ará kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí.

"Ìyẹn náà dára," Ezekiel wí. "Wọ́n ń lò ó fún ìwà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò ṣe é: ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò swerve kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí kò yẹsẹ̀."

"O ní ẹṣin rí ejò," ni mo wí. "Ṣé swerve wà láìsí ejò?"

Ó wò mí. Ó mọ ibi tí mò ń lọ. "Ó wà, Màmá. Ọ̀mùtí ń swerve. Ẹni tó sùn lọ nídìí ọkọ̀ ń swerve. Bí ọkọ̀ ṣe yà ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Kì í sọ ìdí."

"Ọ̀rọ̀ wo ló wá ń sọ ìdí nínú Gẹ̀ẹ́sì yín yìí?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀, Màmá. Ènìyàn ni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀."

Ẹtì, 16 Júùnù

Òjò láti àárọ̀. Omi wọ ọjà. Mi ò ta nǹkan kan.

Ajé, 19 Júùnù

A rí agbẹjọ́rò kan ní ọ̀hún. Ó ní kí a wá ọmọbìnrin náà rí, nítorí pé láìsí i, kò sí ẹjọ́ tí òun lè rò. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sún mọ́ Isaac títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Wọn yóò ní a fẹ́ ra ẹnu rẹ̀. Ezekiel mú mi búra. Ìbúra mi ti ń pọ̀ jù lórí ilẹ̀ Gáná.

Ọjọ́bọ̀, 22 Júùnù

Mo rí Akin. Ibà ti mú un. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé mo jẹ̀bi, kó tán."

"O rí ọmọ, àbí o kò rí ọmọ?"

"Mi ò mọ̀ mọ́. Wọ́n bi mí títí. Bí mo bá di ojú, mo máa ń rí abọ́, mi ò rí ojú ọmọ. Bóyá oòrùn ni. Bóyá mo tòògbé."

"O kò tòògbé!"

"Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀, Màmá."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń wí fún àwọn ènìyàn láti ìgbà èwe mi. Kò sí ẹni tó sọ fún mi ohun tí ènìyàn yóò máa jẹ títí ọjọ́ kan ṣoṣo náà yóò fi dé.

Àbámẹ́ta, 24 Júùnù

Mo rin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà láti àtíbàbà tó wó títí dé ìdí kànga, mò ń béèrè ọmọbìnrin kan tó gbé abọ́. Obìnrin tó ń gún ẹ̀gẹ́ pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Èkejì ní òun kò gbọ́ Mina, ní Mina tó já geere. Kò sí ìyá tí yóò fa ọmọ sílẹ̀ pé òun rèé, òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ dá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá wá bi èmi náà ní Adewui, n ó ti ilẹ̀kùn.

Àìkú, 25 Júùnù

Sàídátù wá kí mi, ó gbé àlùbọ́sà wá. Ó béèrè bí ara ahunṣọ ṣe wà.

Mo ní mi ò mọ̀, pé agbẹjọ́rò ní kí a má débẹ̀.

"Hẹn-ẹ́n! Ẹ kúnlẹ̀ tán, ẹ sá."

"Sàídátù, ṣọ́ ẹnu rẹ."

"Mo ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹsẹ̀ mi dá, tí ẹnì kan wá kúnlẹ̀ fún àwọn ènìyàn mi ní ọjọ́ kan, tí mi ò sì rí i mọ́ di oṣù tó ń bọ̀, n ó ní ẹlẹ́tàn ni. Ẹ̀yin náà ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì fi òwe méjì kún un."

Mo lé e jáde. Mo jẹ àlùbọ́sà rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. A ti fi ìdajì àṣà wa, ìyẹn ẹ̀bẹ̀, ba ọ̀rọ̀ jẹ́, a wá fi ìdajì tó kù, ìbẹ̀wò, pamọ́. Ọmọ mi ń ṣègbé láàárín méjèèjì.

Ọjọ́rú, 28 Júùnù

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò sọ fún Ezekiel.

Kò sí ọṣẹ, kò sí ṣúgà ní ọ̀hún. Àwọn ará ibẹ̀ ń wá ra gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Lomé. Mo di ọṣẹ, ṣúgà àti wàrà agolo sínú àwo tánganran kan. Isaac wà lórí ibùsùn nídìí fèrèsé, wọ́n fi okùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọkùnrin tó rù ni, ọwọ́ rẹ̀ gùn.

"Ìwọ ni ìyá awakọ̀."

"Ìyá ìyá rẹ̀ ni mí."

"Wọ́n ní o ti kúnlẹ̀ nílé wa. Kí lo tún wá kúnlẹ̀ fún níbí?"

"Ilẹ̀ ibí yìí tutù, mi ò lè kúnlẹ̀ sórí rẹ̀. Mo wá béèrè bí o ṣe jí ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún lẹ́sẹ̀, ó bú mi. Mo fọ aṣọ ìbora rẹ̀. Mo rí i pé ó ń retí kí n béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìbéèrè náà wà lórí ahọ́n mi bí ẹyín iná. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè, mo ti di ẹni tó wá rajà, àwo ọwọ́ mi ti di owó. Mo gbé e mì.

Àbámẹ́ta, 1 Júláì

Mo tún lọ sọ́dọ̀ Isaac. Ó ní, "Wọ́n ní n ó rìn. Wọn ò sọ pé n ó hun aṣọ." Ó kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí ó fi sùn. Kò sí òwe fún irú èyí. Mo wá a, mi ò rí i.

Ọjọ́rú, 5 Júláì

Dorcas bá mi níbẹ̀.

"Ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"O fẹ́ ra àbúrò mi! Jáde! Kó ẹrù rẹ!" Ó ju wàrà sí mi, ó da ṣúgà sílẹ̀. Àwọn aláìsàn ń wò wá.

Isaac ní láti orí ibùsùn, "Dorcas, ọṣẹ ńkọ́? Ọṣẹ ò sí lára ohun tó ń kó lọ."

Ọṣẹ méjèèjì wà lábẹ́ apá Dorcas. Kò dá a padà. Lójú títì ni mo ti rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Àwọn sójà ibodè rò pé orí mi ti yí.

Àbámẹ́ta, 8 Júláì

Ezekiel ti gbọ́. Agbẹjọ́rò ti gbọ́ pẹ̀lú, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ezekiel kò bínú sí mi, ó kàn ń wo ilẹ̀, èyí sì burú ju ìbínú lọ. Ó ní, "Wọn yóò sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ jẹ́wọ́ báyìí, Màmá."

Ajé, 10 Júláì

Mi ò lè gbàdúrà. Mo jókòó sídìí àwo, mo ń nù wọ́n. Oníbàárà kan béèrè iye ọ̀kan, mo ní kó máa gbé e lọ. Ó rò pé ẹ̀tàn ni, ó sá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Júláì

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n fi àga gbé Isaac wọlé. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn. Mo gbọ́ swerve náà láàárín gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó kù bí ẹni gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ògbufọ̀ sọ ọ́ ní èdè Ewe pé ọkọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀. Ó kéré sí swerve. Ènìyàn lè fi ọ̀nà sílẹ̀ lọ mu omi.

Wọ́n bi Akin bóyá ó ní ohun tí yóò sọ. Ó la ẹnu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé "Mo jẹ̀bi" ló fẹ́ sọ. Kí ó tó sọ ọ́, Isaac gbé ọwọ́ rẹ̀ gígùn yẹn sókè.

Ó ní, "Ọmọ kan wà."

"Isaac!" Dorcas ti dìde.

"Ọmọ kan wà, olúwa mi. Felicia ni, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó ń gbé oúnjẹ mi bọ̀. Mo pè é láti òdìkejì pé kó yára, ebi ń pa mí. Ó sáré. Kò wo ọ̀nà. Ọkọ̀ náà yà fún un, ó sì bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí Kpogan lẹ́yìn Lomé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ náà ló sọ mí di arọ, kí ọ̀rọ̀ náà má baà bá a dàgbà."

Adájọ́ béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá tó wà lọ́hùn-ún yẹn sì ń wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti pèsè irọ́ sílẹ̀ dè é. Mo ń retí kó béèrè lọ́wọ́ mi kí n lè pa á fún un. Kò béèrè. Ó fọ aṣọ mi, ó ń lọ. Irọ́ náà kò rí ẹni tí yóò gbà á." Ó nu ojú rẹ̀. "Olúwa mi, bí èmi bá ni mo wà nídìí ọkọ̀, tí Felicia wà níwájú mi, tí arúgbó bíi tèmi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi náà ni n ó kọlù."

Adájọ́ bi Dorcas. Dorcas mi orí pé òótọ́ ni. Wọ́n dá Akin sílẹ̀.

Mo bá Dorcas níta lórí àtẹ̀gùn. Mo ti múra láti bú u láti oṣù tó kọjá, mo ti to èébú náà lẹ́sẹẹsẹ. Mo jókòó tì í.

Kò wò mí. Ó ní, "Ká ní ìwọ ni, kí lò bá ṣe?"

"Ǹ bá gbé e lọ síbi tó jìnnà ju Kpogan lọ."

Ó sún fún mi kí n lè jókòó dáadáa. Isaac ń bọ̀ lórí àga, ọkùnrin méjì gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí igi. Akin lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Isaac kò sọ pé kó dìde, kò sì sọ pé kó má dìde. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

A kọjá ibodè ní ọ̀sán. Akin ń lọ níwájú mi, ṣòkòtò rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú. Nígbà tí a dé títì ńlá etí òkun, ó dúró. Ọkọ̀ kan kọjá. Òmíràn kọjá. Ọ̀nà ṣófo, kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, Akin kò gbé ẹsẹ̀. Mo rò pé ó ń dúró dè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí i pé òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Màmá, mi ò lè sọdá."

Ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń wakọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Mo gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fà á sọdá.